Ibi Tí Omi Dé

Lórí tábìlì ní ọ́fíìsì wa l'Ókè-Mosàn,
ìlú náà mọ́ tónítóní.
Títì gùn bí okùn tí a nà,
iná sọ́là tò bí eyín ọmọdé,
gbogbo àpótí ìdọ̀tí ló ní ẹ̀rọ tí yóò máa ké:
"Mo ti kún o, ẹ wá kó mi."
Ọ̀gá ní kí n fi àwọ̀ búlúù kun odò.
Mo kùn ún. Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dákẹ́ síbẹ̀
bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ.

Àmọ́ odò Ògùn kì í ṣe ìyàwó ẹnìkan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n rán mi lọ sí Láfẹ́nwá,
èmi, tábúlẹ́ẹ̀tì kan, téèpù kan,
àti Bánjókòó awakọ̀ tó ń kùn nítorí epo.
Iṣẹ́ mi ò ju kí n yan òpó mẹ́ta
tí a ó gbé ojú kọ́,
ojú tí kì í sùn, tí yóò máa ṣọ́ omi
kí omi tó ṣọ́ wa mọ́lé.

Mo nàka sí òpó kan. Ó ga, ó dúró dáadáa.
Bàbá Ṣóbọ̀wálé jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
ó ń fi abẹ gé èékánná.
Kò gbójú sókè. Ó ní,
"Ọmọ mi, omi ò gba ibẹ̀ yẹn wá rí."

"Ibo ló ń gbà, bàbá?"
Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ké,
ó mú mi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ara férémù ilẹ̀kùn, kìkì ìṣó.
Èyí tó ti dípẹtà, èyí tó ṣì ń dán.
"Eléyìí, orúnkún: ọdún tí a bí Láníyọ̀nú.
Eléyìí, ìbàdí: ọdún tí ìyàwó mi kú,
orí tábìlì la tẹ́ ẹ sí, omi ń rìn lábẹ́ rẹ̀.
Eléyìí..."
Ó nawọ́ sókè, ọwọ́ ò tó o.
"Orí páànù la wà, èmi àti ewúrẹ́ méjì.
Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wá, lójú àgbàrá Ìyá Efúnṣọlá,
níbi tí ẹ̀yin ya títì sí yẹn."

Mo wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Títì náà ń dán,
ó gba orí àgbàrá kọjá bí ẹni pé àgbàrá ò sí.
Ẹni tó yà á kàwé, ó kàwé gan-an,
òjò oṣù kẹsàn-án nìkan ni kò kà.

Abẹ́ òkúta la ti bẹ̀rẹ̀, kí n má gbàgbé.
Àwọn tó sá dé ibí ò ní máàpù,
òkúta ni wọ́n bi léèrè: ibo ni òjò kì í dé?
Wọ́n sùn síbẹ̀. Ètò ìlú nìyẹn náà.

"Ìlú Ọlọ́gbọ́n" la kọ sára pátákó.
Bàbá kà á sókè, ó bi mí pé,
"Ta ló wá gọ̀ nínú wa tẹ́lẹ̀?"
Mi ò rí èsì. Bánjókòó rẹ́rìn-ín títí.

A ka ìṣó. Mẹ́tàdínlógún.
Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀,
bàbá gbé àpótí wá kí n jókòó,
ewúrẹ́ kan fẹ́ jẹ téèpù.

Lálẹ́, mo pa títì yẹn rẹ́.
Ọ̀gá ní, "Kí lo fi dípò rẹ̀?"
Mo ní àgbàrá ni.
Ó ní, "Àwọn tó fẹ́ náwó lé e ńkọ́?"
Mo tẹ́ fọ́tò ìṣó síwájú rẹ̀.
Ó wò ó pẹ́. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ìpàdé di Ọjọ́bọ̀.
Òjò ti ṣú lápá Arò.
Mo pe bàbá lórí fóònù: ó ti ra ìṣó tuntun kan,
ó wà lápò rẹ̀,
kò tíì mọ ibi tí yóò kàn án mọ́.